Àwọn Àwòrán Mọ́mì Tí Ẹ Fi Pamọ́ fún Wa

Dádì, ọdún mẹ́ta pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Mọ́mì ló máa ń kọ ìrántí yín, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ó ní òun ò bá yín sọ̀rọ̀. Àwa ọmọ yín, Praise àti Nathaniel, la ń kọ ọ́. Ẹ jókòó dáadáa, ẹjọ́ yín pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun rere. Praise ti di nọ́ọ̀sì bíi Mọ́mì. Nathaniel ti ń wakọ̀ fúnra rẹ̀. A ti parí yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa ní Grayson, ní Amẹ́ríkà níbí, tábìlì tí ẹ fi ń yàwòrán ló sì kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Àwọn ìwé ọmọdé tí ẹ yàwòrán sí, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń já a gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ta ni ẹ ò yà rí, Uncle Bogo gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì! Ẹ kúrò ní Slovenia, ẹ ò kúrò nídìí yẹ̀yẹ́. Ẹ ya ikùn Pásítọ̀, ó gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì. Ẹ ya imú Uncle Adégbénró, imú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo pépà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mọ́mì nìkan lẹ ò yà. Ẹ ní ẹni tó bá pa yín lẹ́rìn-ín nìkan lẹ lè yà, pé ojú Mọ́mì kì í pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ kàn máa ń wò ó ṣáá ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Mọ́mì! Ó fi ń yangàn fún Aunty Kẹ́mi.

Irọ́ ni, Dádì! Irọ́ gbuu!

Nígbà ìsinmi ilé-ìwé tó kọjá, a mú Mọ́mì lọ wo ìlú kékeré tí wọ́n bí yín sí ní Slovenia. A wọ ilé búrẹ́dì kan, obìnrin tó ń tajà bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ Mọ́mì, ó nawọ́ sí ògiri tí wọ́n lẹ àwọn àwòrán tí ẹ yà mọ́. Mọ́mì rèé nínú ìwé ìròyìn ìlú yín! Mọ́mì tó kúnlẹ̀ ní kíṣìnì, tó ń kí Màmá Iléṣà lórí fóònù. Mọ́mì tó ń gbàdúrà lé mọ́tò lórí kó lè gbé e dé ibi iṣẹ́ ní Suwanee. Mọ́mì tó ń sùn, tó lanu bí ẹnu kànga. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ń yà á ránṣẹ́, odindi ọdún mọ́kànlá! Gbogbo ìlú mọ̀, òun nìkan ni ò mọ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu.

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n kó àwọn àwòrán náà sí láíbìrì wọn. Ó ní, “Láéláé! So, all these years, èmi ni comedy wọn?” Ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dalẹ̀ Mọ́mì o! Ẹ dalẹ̀ àwa náà, torí a bá a yangàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, Mọ́mì ti night shift wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tààrà. Ó dìde láti jẹ́rìí, ni gbogbo èèyàn bá rí i pé bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan dúdú, ìkejì pupa. Ẹ̀rín sọ! Òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Ló bá yíjú sí ibi tí ẹ máa ń jókòó, bóyá ẹ rí i. Ẹ̀rín náà gé mọ́ ọn lẹ́nu. Nínú mọ́tò ló ti sunkún: “Bogo, you no fit wait? Ta ló fẹ́ yà mí báyìí?”

Ẹ ṣẹ̀ ẹ́, Dádì, ẹ wá tún lọ. Lílọ yẹn ló dùn ún jù.

Àárò yín ń sọ wá gan-an. A fẹ́ràn yín. Mọ́mì náà fẹ́ràn yín, bó tilẹ̀ ní ká má kọ ọ́ síbí.