Ibi Tí Fìlà Bá Wà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìkòsí.

Ọ̀rọ̀ tí Mojí, ọmọ mi, sọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù lónìí kọ́kọ́ dùn mí. Ó ń wá orúkọ fún sáíkílóhẹ́sénì kan nínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, òrùka kábọ̀nù mẹ́fà tí ẹ̀ka kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní mẹ́táìlì so mọ́ lára. Láti òkè ló ti ń fi nọ́ńbà sí i. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́mísírì ni, kì í ṣe aṣọ rírán."

Mo to bọ́tìnì mẹ́fà yípo sórí tábìlì ìgéṣọ, mo gbé abẹ́rẹ́ lé méjì nínú wọn. "Òrùka ò lórí, kò nídìí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó rẹrù ni wàá ti kà, kó o gba ọ̀nà tó yá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì."

Ó kà á: abẹ́rẹ́ bọ́ sí ọ̀kan àti ẹ̀ta. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. "Ta ló kọ́ yín?"

Ọ̀gá kẹ́mísírì wa nílé ìwé ní Kétu ni. Wọ́n kó àwa mẹ́fà sábẹ́ igi máńgòrò, a di ọwọ́ ara wa mú yípo. Wọ́n so áńkáṣífì mọ́ Ṣadé, ọ̀kan nínú wa, lọ́rùn, wọ́n dé fìlà wọn fún mi. "Ibi tí fìlà bá wà, ibẹ̀ ni nọ́ńbà kìíní."

Èmi, àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje! Nílé wa, ìgbà tí wọ́n bá kà dé ọ̀dọ̀ mi ni kíkà máa ń parí.

Fìlà yẹn ń rùn ṣọ́ọ̀kì àti òógùn. Ó tóbi, ó bò mí lójú. Mi ò rí ẹnì kankan, mo kàn gbọ́ tí gbogbo kíláàsì pariwo pé, "Ọ̀kan!"