Nọ́ọ̀sì Tí Fọ́ọ̀mù Wa Fẹ́ Lé Lọ

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé yín mì. Ara tiwa náà le, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń dún bí ilẹ̀kùn ọgbà, àti ẹ̀rọ tí ọ́fíìsì yín fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn wa.

Dókítà kan ń bẹ nínú ẹ̀rọ náà, orí àti èjìká nìkan, n kò mọ ibi tí wọ́n kó ìyókù sí. Nígbà tó kàn mí, mo ṣí fìlà, mo kí i kú iṣẹ́, mo béèrè ìyàwó rẹ̀, mo béèrè àwọn ọmọ, mo ní ṣé ibi híhá yẹn kò ni ín lára. Kí n tó dé orí ikọ́ mi, ó ti pòórá. Nọ́ọ̀sì ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní ṣé wọn kò kọ́ ọmọ náà nílé ni? Nígbà tó kan ìyá rẹ, ó ní kí dókítà náà fọwọ́ kan orúnkún òun, dókítà ní òun kò lè ṣe é. Irú dókítà wo ni kò lọ́wọ́?

Ni àwọn ará ọ́fíìsì yín bá mú fọ́ọ̀mù wá pé kí a sọ bí ẹ̀rọ náà ti rí. Ta ni yóò bú ẹ̀bùn lójú ẹni tó gbé e wá? Gbogbo wa fi àmì sí ibi tó dára jù. Wọ́n béèrè bóyá a ṣì nílò nǹkan mìíràn, a ní rárá o, ẹ ṣeun, ó ti tó. Ìwà ọmọlúwàbí ni a rò pé a ń hù. Lọ́jọ́ Ajé ni lẹ́tà dé pé bí ẹ̀rọ ti tẹ́ wa lọ́rùn tó yìí, kí nọ́ọ̀sì máa lọ síbòmíràn. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí a ní! Àbúrò rẹ yóò bímọ lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé èjìká ni dókítà yẹn yóò fi gbẹ̀bí?

Jọ̀ọ́, wọlé tọ ọ̀gá rẹ, sọ fún un pé irọ́ ni bàbá rẹ pa. Kí wọ́n wá jókòó tì wá, kí wọ́n bi wá ní ohun tí a ń fẹ́ kí wọ́n tó ra nǹkan. Bí owó díẹ̀ bá sì wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí n fi ra oògùn ikọ́.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ga, ọ̀rọ̀ kò ní tán lẹ́nu rẹ níwájú ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ṣe kíá. Orí àpótí ẹrù nọ́ọ̀sì ni mo jókòó sí láti àárọ̀ tí mo fi ń kọ èyí. Ó ti bẹ̀ mí kí n dìde, awakọ̀ tó wá gbé e náà ti bẹ̀ mí. Mo ní èsì ọmọ mi ni mò ń dúró dè.

Èmi ni bàbá rẹ.