Orúkọ Bàbá Mi Ló Wà Lára Pátákó

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ọyẹ́ tó mú yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín níbi tí mo wà ní Ìlaró. Mo kí Màmá, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá orúnkún wọn ti gbà wọ́n láyè láti rìn dé ìdí odò. Mo kí Múníráà àbúrò mi. Òun ni mo fẹ́ kó ka lẹ́tà yìí sí yín létí, kó má sì fo ibi tí kò bá dùn. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Tíṣà tó ń gbé ojúlé kejì sí wa ni mo ń sọ ọ́ fún tó ń kọ ọ́. Ó ní òun á tún fi sínú ìwé ìròyìn, nítorí ẹni tó ní irú pátákó tèmi pọ̀. Mo ní kó fi síbẹ̀, ojú kò tì mí.

Àwọn èèyàn a máa sọ pé Ìjoun sí Ìlaró kò jìnnà. Ẹni tó ní mọ́tò ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ń gun ọ̀kadà, tí àwọn aṣọ́bodè ń dá dúró níbi gbogbo tí igi bá ti dábùú ọ̀nà, tí wọ́n ń bi léèrè ohun tó wà nínú àpò gààrí, èmi ni mo mọ bó ṣe jìnnà tó. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kónílé-ó-gbélé nítorí Kòrónà, n kò tíì fojú kàn yín. Ìyàwó mi ti lọ bá ọmọ wa tó bímọ ní Ayétòrò. Èmi nìkan ni mo ń dá jẹun.

Iṣẹ́ kò lọ. Nígbà tí wọ́n ti ọjà pa, ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin ti wú sílẹ̀ jẹrà mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, ẹ̀rọ tí mo fi ń bá wọn lọ ẹ̀gẹ́, tó ti jókòó lásán, ti dípẹtà, bẹ́líìtì rẹ̀ ti gbó. Ẹ́ńjìnnì wá ń wúkọ́, àwọn oníbàárà sì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé kí n ra ìbòmú fún un. Ní báyìí, ilẹ̀ ti le, ẹ̀gẹ́ kò ṣeé fà, ìwọ̀nba tí wọ́n ń gbé wá kò tó owó epo.

Ẹ̀yìn náà la gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fún àwa oníṣẹ́ kékeré lówó ìrànwọ́, pé kì í ṣe ẹ̀yáwó. Àwọn tó ń kọ orúkọ wá sí ọjà. Ọmọbìnrin kan ya fọ́tò ẹ̀rọ, ó ya pátákó, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ sókè, ó ní ta ni. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní kí bàbá mi wá tẹ̀ka. Mo ní èmi ni mo ni ẹ̀rọ. Ó tún pátákó wò, ó wo ìwé ilé iṣẹ́, ó ní orúkọ mi kò sí nínú méjèèjì. Oníṣu tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pariwo pé èmi ni, pé láti ogún ọdún, òun kò rí ẹlòmíràn tó ń dọ̀tí níbẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò kọ orúkọ mi.

Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un? Nílé wa, ọmọ kì í fi orúkọ ara rẹ̀ pe nǹkan nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láàyè. Nígbà tí mo fẹ́ ra ẹ̀rọ, àgbàdo ọdún méjì lẹ tà lé owó mi lórí. Kí ni ǹ bá kọ sára pátákó bí kò ṣe SÀLÁMÌ ÌJOUN? Ẹ má bínú pé mo pe orúkọ yín, pátákó ló pè é. Orí mi ti hu ewú báyìí, síbẹ̀ n kò lè dédé kọ tèmi.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo pè yín lórí fóònù Múníráà, tí mo bẹ̀ yín kí ẹ wá tẹ̀ka. Ẹ ní ẹ ti tẹ̀ka sí ìwé rí, wọ́n ní kò ní í ṣe nǹkan kan, ilẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín ló bá ìwé náà lọ. Ẹ ní àtàǹpàkò yín ti fẹ̀yìn tì. Mo bínú, mo ní ẹ ń ṣorí kunkun. Ẹ bi mí pé ta ni mo jọ. Mo ti pa fóònù kí n tó rí ẹ̀rín ibẹ̀. Ẹ foríjì mí. Ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá, oníṣu gba tirẹ̀, èmi ń wò.

Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Ọkùnrin ará Ìdògò kan ń wá lọ́jọọjọ́ ọjà, ó ń fọwọ́ tẹ ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó ń yẹ ewúrẹ́ wò. Ó fẹ́ rà á, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀wọ́ kejì owó ìrànwọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn ọjà méjì. Mo lọ bá ọmọbìnrin yẹn. Ó ní bí “àti Ọmọ” bá wà lẹ́yìn orúkọ yín, lára pátákó àti nínú ìwé, ìka tèmi tó.

Mo pe ẹni tó ń kun pátákó. Ó ti gbé àkàbà ti ògiri, ó ti po ọ̀dà, ni mo ní kó dúró kí n gbàṣẹ lọ́wọ́ bàbá mi. Ó wo ewú orí mi, ó ní bí mo bá ń gbàṣẹ nítorí ọ̀rọ̀ méjì, ṣé mo gbàṣẹ kí n tó fẹ́yàwó? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé àkàbà rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyẹn. Kì í ṣe ìka, ẹ jẹ́ kí ìka yín máa sinmi. Bí ẹ bá gbà, ẹ ní kí Múníráà pè mí kí ọjà méjì tó pé. Orúkọ yín kò ní kúrò lókè. Bí ẹ kò bá gbà, màá ta ẹ̀rọ, màá sì gbé pátákó náà wálé fún yín, nítorí n kò ní jẹ́ kí ará Ìdògò fi orúkọ yín ṣòwò.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí òjò tètè dé, kí ilẹ̀ rọ̀ fún ọkọ́ yín. Mo kí gbogbo agboolé, mo kí àwọn ará oko. Ẹ máa wọ ìbòmú lọ sí mọ́ṣáláṣí, kódà bí ẹ bá ní Kòrónà kò mọ ọ̀nà Ìjoun.

Èmi ni, lábẹ́ orúkọ yín,
ọmọ yín,
Ràímì.