Ìjánu Ọkọ̀ Mi àti Ẹrù Màmá

                                        Ojúlé 11, Agbo Ilé Alábẹ́bẹ̀,
                                        Gàmbàrí,
                                        Ìlọrin,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Ayọ̀díjí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé kíkí ló yẹ kó ṣíwájú, ṣùgbọ́n nítorí ohun tí o sọ sí mi lórí fóònù, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka owó rẹ lé ọ lọ́wọ́. O fi ₦140,000 ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá, pé kí n fi ọkọ̀ mi kó ẹrù Màmá rẹ láti Basin ní Ìlọrin níbí lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Nínú owó yìí, ₦94,000 lọ sórí ìjánu ọkọ̀ mi. Ó ku ₦46,000. Tí o bá fẹ́ bínú, bínú níbí, kí o mu omi díẹ̀, kí o wá máa kà á lọ.

Ó yá, mo lè kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Modúpẹ́ ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ ìwé wọn? Ẹ kú òjò Pọ́tá Háákọ́ọ̀tù, mo gbọ́ pé tiyín kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ruqoyyah ìyàwó mi wà dáadáa, káún rẹ̀ ń tà. Haneef ti wọ ìwé kẹrin girama, ó ti ga jù mí lọ, bàtà ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé tí mo ń rà fún un lọ́dún yìí. Ṣe ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dàgbà bí ẹni pé ó ń bá mi jà.

Màmá ti wà ní Ẹ̀fọ̀n, o sì ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu wọn. Ohun tí o kò tíì gbọ́ ni ìdí tí ìrìn àjò ọjọ́ kan fi di ti ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀, àti ìdí tí n kò fi fèsì nígbà tí o pè mí.

O mọ ọkọ̀ mi. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fi í kó iyọ̀ àti káún fún àwọn oníṣòwò Gàmbàrí. Iyọ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́ sínú àpò. Tí òjò bá ti pa á, omi rẹ̀ á máa ro sí abẹ́ ọkọ̀, ibi tí páìpù ìjánu gbà kọjá gan-an. Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ ń gba ₦1,500 fún òkè, wọ́n á gba ₦1,000 sí i tí wọ́n bá máa fọ abẹ́. Òkè nìkan ni mo máa ń san. Mo ní ta ló ń wo abẹ́ ọkọ̀? Ìpẹtà ló ń wò ó.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé tí a fẹ́ kó ẹrù, mo tẹ ìjánu ní òpópónà Táíwò, ẹsẹ̀ mi lọ tààrà dé ilẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Jíà ni mo fi dá ọkọ̀ dúró, lẹ́yìn tí mo ti wọ àárín àwọn obìnrin tó ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́hun yọ wá, kò sẹ́ni tó fara pa. Bọ́kẹ́ẹ̀tì márùn-ún ló fọ́, ₦1,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦7,500. Àpò tèmi ni mo ti san ìyẹn, kò sí nínú ìṣirò tìrẹ.

Akínwálé, mẹkáníìkì mi, wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi èékánná ha páìpù náà, ó sì rún sílẹ̀ bí àkàrà àná. Ó ní tí òun bá dí ọ̀nà epo ìjánu tó lọ sí táyà ẹ̀yìn apá òsì, táyà mẹ́ta tó kù á ṣì máa mú ọkọ̀ dúró, ₦4,000 ni. Tí n bá fẹ́ kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, á lé ní ₦80,000. Ayọ̀díjí, o mọ̀ mí. Mo ní kó dí i.

Ó wá ku kí n sọ fún Màmá pé ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìwọ náà á rántí bí wọ́n ṣe máa ń gba kọ́bọ̀ mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tó bá da gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ wa. Títí di òní, ara mi kì í balẹ̀ tí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo kọ̀, n kò pè é ní bíréèkì.

“Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ kan sí i,” ni mo wí lórí fóònù. “Ìjánu mi ni kò dára mọ́.”

“Láti ìgbà wo, Sàídù?”

“Ó ti ṣe díẹ̀, mo kàn ń rọra bá a yí i ni. Àná ló wá já mi jù sílẹ̀ pátápátá ní Táíwò. Àárín àwọn obìnrin ni mo bá ara mi.”

“Háà! Ruqoyyah gbọ́?”

“Ó gbọ́, Màmá. Ó bínú díẹ̀, àmọ́ ó ti tán nínú rẹ̀.”

“Díẹ̀ kẹ̀?”

“Ẹ má jẹ́ kó ká yín lára. Akínwálé ti dá sí i. Ó ti bá mi yọ ọ̀kan kúrò, ó ní mẹ́ta tó kù á tó mi lò.”

“Jésù!” ni Màmá wí. “Sàídù, má kúrò nílé o. Mo ń bọ̀.”

Kò pé wákàtí kan tí kẹ̀kẹ́ márúwá fi já wọn sí ẹnu ọ̀nà wa, pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ apá. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ruqoyyah ni wọ́n lọ tààrà, níbi tó ti ń wọn káún, wọ́n sì gba ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ìyá Haneef, ọmọ mi, fara dà á. Ìjánu kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń rí lọ́jọ́ kan. Ó ṣáà ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.”

Ruqoyyah gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀. “Màmá, kí ló jẹ́wọ́?”

“Pé ó ku mẹ́ta.”

“Mẹ́ta kí ni?”

“Ìyẹn, ẹnu rẹ̀ ni kó ti jáde.”

Ìyàwó mi wá yí ojú sí mi. “Bàbá Haneef, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ná súyà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà títí eérú á fi tutù, mẹ́ta wo lẹ rí owó bọ́?”

“Táyà ni!” mo pariwo. “Táyà mẹ́ta! Ìjánu ọkọ̀!”

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yé wa. Ìkóra-ẹni-níjàánu ni Màmá gbọ́, wọ́n rò pé mo ti sọ ara mi di òbúkọ tó já okùn. Wàlláhì, a rẹ́rìn-ín títí Ruqoyyah fi jókòó sórí àpò káún. Màmá fi etí gèlè nu ojú wọn, wọ́n ní, “Ìwọ náà, kí ló dé tí o kò kúkú pè é ní bíréèkì?” Mo ní, “Màmá, ta ló fẹ́ san kọ́bọ̀ mẹ́wàá?”

Nígbà tí wọ́n dìde láti máa lọ, wọ́n bi mí bóyá ó ti dára báyìí. Mo ní ó ti dára. Wọ́n ní, “Ó dáa nígbà náà. Iwájú ni màá jókòó sí lọ́dọ̀ rẹ. Àwọn ará ilé mi ń bẹ̀rù òkè Ẹ̀fọ̀n fún mi, mo ní ìwọ lo ń wà á, kí ló wá ń bà mí lẹ́rù?”

Ayọ̀díjí, kò sí èébú tí o lè bú mi tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Mo jẹun, n kò mọ ohun tí mo jẹ. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan: ₦4,000 ní apá kan, ₦80,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní apá kejì. N kò mọ apá tí mo lè kọ Màmá sí.

Ní àárọ̀ Sátidé, dípò kí n lọ kó ẹrù, mo gbé òfìfo ọkọ̀ lọ sí pápá kan, mo tẹ ìjánu. Ó dúró lóòótọ́, àmọ́ ó kọ́kọ́ fà sí apá ọ̀tún bí ewúrẹ́ tó rí ẹ̀gẹ́. Mo padà lọ bá Akínwálé, mo ní màmá ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ gbé lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ó ju sípánà sílẹ̀.

“Ẹ̀fọ̀n! Ẹ̀gbọ́n, àárín ìlú tó tẹ́jú ni mo dí i fún. Ẹ̀yin ò sọ òkè fún mi. Ẹ fẹ́ kí n dáràn?”

Mo ní kó tú gbogbo rẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ mi kò ju tìrẹ lọ. Ó yẹ kí n pè ọ́ kí n tó fọwọ́ kàn án, n kò pè ọ́. Ojú tì mí láti sọ fún ọ pé ọkọ̀ tí mo gba owó rẹ lé lórí kò ní ìjánu. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, gbogbo rẹ̀, n kò pín in fún ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé ọjọ́ méjì ni. Irin tí ìpẹtà ti jẹ kì í gbọ́ ọjọ́ méjì. Nọ́ọ̀tì tó yẹ kó tú ní ìṣẹ́jú kan, kẹrosíìnì la fi rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, síbẹ̀ ó ṣẹ́. A yọ páìpù, a bá a pé sílíńdà tó ń ti ìjánu nínú táyà ti gan pa. A pààrọ̀ ti òsì, ti ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò, bí ìbejì tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣe ti èkejì láì ṣe tòun. Òjò ń rọ̀ lé wa lórí, a ń fi tapólì bo ẹsẹ̀ Akínwálé tó yọ síta. Páìpù pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, ₦14,000. Sílíńdà ẹ̀yìn méjì, ₦19,000. Rọ́bà inú sílíńdà àgbà tó ń fún wọn ní epo, ₦6,500. Láínìn ìjánu tuntun fún táyà ẹ̀yìn, ₦22,000. Epo ìjánu ìgò mẹ́ta, ₦10,500. Iṣẹ́ ọwọ́, ₦18,000, ó bẹ̀rẹ̀ láti ₦25,000. Pẹ̀lú ₦4,000 tí mo kọ́kọ́ fi sòfò, ó jẹ́ ₦94,000 géérégé.

Àárín rẹ̀ ni o pè. Owó ilé Màmá ti parí láti ọgbọ̀njọ́ oṣù tó kọjá, onílé ń kanlẹ̀kùn, ẹrù wà nínú páálí. O ní mo ti jẹ owó ìyá rẹ. O ní olè ni mí, o sì pa fóònù. N kò pè ọ́ padà nítorí ní wákàtí yẹn, owó rẹ wà lábẹ́ ọkọ̀ mi lóòótọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ruqoyyah wà nítòsí, o sì ń pariwo. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́.

Ó bi mí iye tí ìrìn àjò náà máa jẹ. Mo kà á fún un: epo dísẹ́ẹ̀lì lítà márùndínláàádọ́ta, ₦54,000, àwọn tó máa di ẹrù, ₦24,000, àwọn tó máa sọ̀ ọ́ ní Ẹ̀fọ̀n, ₦12,000, okùn, ₦3,500, owó tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà, ₦4,500. ₦98,000. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni ₦46,000. Ó wọ yàrá, ó tú owó tó ti ń kó jọ láti fi ra káún ọdún Iléyá tó ń bọ̀, ó sì ka èyí tó kù jáde lé mi lọ́wọ́ láì gba ẹ̀jẹ́ kankan.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án, a gbéra. Láti Ọ̀mù-Àrán ni Màmá ti ń sọ ìtàn ìgbéyàwó wọn fún mi. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá Ẹ̀fọ̀n, tírélà kan ti kú sí kọ́nà, wọ́n fi ewé sójú ọ̀nà. Mo tẹ ìjánu. Ó mú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, jẹ́ẹ́ bí ọwọ́ ìyá lẹ́yìn ọmọ. Mo yíjú láti wo Màmá. Oorun ti gbé wọn lọ, Bíbélì wà ní itan, ẹnu wọn là díẹ̀. Mo rọra wa ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà náà, kí n má bàa jí wọn.

Ìkòkò kan kò fọ́ nínú ẹrù náà. Àwọn ọmọ àdúgbò bá wa gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Màmá fún mi ní iṣu mẹ́ta, wọ́n ní kí n má sọ fún ọ pé wọ́n sùn lójú ọ̀nà.

Ayọ̀díjí, dárí jì mí nítorí owó tí mo ná láì bi ọ́. Èmi ti dárí jì ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí o sọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà láàárín páálí kò lè sọ̀rọ̀ ẹ̀lẹ̀. Bá mi kí Modúpẹ́ àti àwọn ọmọ. Haneef kí ọ, Akínwálé náà ní kí n kí ọ, ó ní tí ọkọ̀ rẹ bá ń ké, kó o má bò ó mọ́lẹ̀. Ọlọ́hun á jẹ́ ká fojú rinjú láìpẹ́.

Èmi tí a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà,

Sàídù.

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa nígbà tí Ruqoyyah dá mi dúró. Mo ti sọ fún un pé màá máa san owó rẹ̀ ní ₦4,000 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá á parí rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ bí òun ṣe sọ ọ́: “Ẹ sọ fún Ayọ̀díjí pé ẹni tó pe ọkọ mi ní olè ni màá gba owó mi lọ́wọ́ rẹ̀. Kó má fi ránṣẹ́ o. Kó gbé e wá fúnra rẹ̀, kó jókòó sílé wa, kó jẹun.” Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní gbèsè mi ni, kì í ṣe tìrẹ. Ó ń wọn káún lọ. ₦52,000 ni. Kò sẹ́ni tó tíì san án.