Mo Ti Dí Gbogbo Ihò Ojú Òṣùpá

Hafeezah ọmọ mi,

Jókòó kí o tó kà á dé ìsàlẹ̀. Òṣùpá tí o fi ẹ̀gẹ́ pupuru mọ sílẹ̀ nígbà tí o wá lo họlidé, tí o ní kí n gbé ka orí ààrò kí ó gbẹ, mo ti bà á jẹ́. Kò fọ́ o. Mo tún un ṣe ni. Gbogbo ihò ojú rẹ̀ ni mo dí, mo fi ọwọ́ tútù pa á lójú, ó ń dán bí orí ọmọ tuntun. Jọ̀wọ́ má sunkún, kí anti Àsíátù tí wọ́n gbà ọ́ sílé má bàa rò pé nǹkan ṣe wá. Àlàáfíà ni bàbá rẹ wà, ẹsẹ̀ ìyá àgbà tó wú náà ti rọlẹ̀, kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ìwọ náà ní Ìbàdàn níbẹ̀.

O fi aṣọ bò ó, o ní kí n má ṣí i. Bí mọ́tò rẹ ṣe kúrò ní Orè báyìí ni mo délé tí mo ṣí i, mo sì rí i tó lu jára. Mo ní adìẹ Hàlímọ̀ aládùúgbò wa ti ṣá a jẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé ní Odígbó níbí, pupuru tí kò bá jọ̀lọ̀, ọ̀lẹ ló mọ ọ́n, ta ni yóò wá gbé irú rẹ̀ lọ síwájú olùkọ́? Mo bá Hàlímọ̀ jà dáadáa. Ó ní òun ti ń gbọ́ pé adìẹ ń jẹ àgbàdo, òun kò tíì gbọ́ èyí tó ń fò lọ jẹ òṣùpá, ó ní kí n lọ fi omi tútù bọ́jú.

Àfi bí o ṣe pè lọ́jọ́ Àìkú tí o ń bèèrè àwọn ihò náà, pé àwọn gan-an ni olùkọ́ yín fẹ́ wò níbi ìpàtẹ ilé ìwé yín. Mo ní wọ́n wà dáadáa. Irọ́ ni mo pa, ẹnu mi kò lè gbé e, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà. O wá ń ṣàlàyé pé òkúta ńláńlá láti òfuurufú ló já lu òṣùpá láyé ọjọ́un tó fi rí bẹ́ẹ̀. Mo bi ọ́ pé ta ló ń bá òṣùpá jà, o rẹ́rìn-ín títí owó orí fóònù fi tán. Kí owó náà tó tán, o ti sọ pé ayé tiwa náà jẹ òkò tirẹ̀, òjò àti ẹ̀fúùfù ló pa àpá rẹ̀ rẹ́, òṣùpá ni kò ní òjò, kò ní atẹ́gùn, bí òkúta bá ti bà á, àpá náà kì í tètè lọ.

Mo ní kí n fi fóònù ya òṣùpá gan-an kí n lè wò ó ṣe òmíràn. Ohun tó jáde kò ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Mo gun orí àga kí n lè sún mọ́ ọn, kò tóbi sí i. Fóònù kan náà ló sì ya ewúrẹ́ Hàlímọ̀ tí a rí gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀!

Mo mọ tuntun ṣáá. Mo kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ ihò sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bàbá rẹ ní àwọn kò rí òṣùpá níbẹ̀, èbà tí ẹnìkan ti bù jẹ làwọn ń wò. Mo bá padà sórí àga, mo ju òkò lù ú. Hafeezah, òótọ́ lo sọ! Òkúta tí kò ju èkùrọ́ lọ, ihò tó gbẹ́ lè gba ẹyin adìẹ. Etí rẹ̀ wú yí ká bí ètè ẹni tí oyin ta, pupuru fọ́n jáde lọ bí ìtànṣán, díẹ̀ bà lé ìyá àgbà lójú, wọ́n ní ṣé ogun ni a fẹ́ fi sè é ni. Òkò kejì gé etí ihò àkọ́kọ́, mo wá rí i pé ihò náà ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọmọ ọlọ ni mo jù ṣe ihò ńlá. O ní àwọn ibi dúdú ojú òṣùpá, òkúta yíyọ́ ló ru láti inú wá kún ibi tí òkò ńlá ti gbẹ́. Mo ní bí ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì ṣe ń sun jáde nílẹ̀ Agbabu náà nìyẹn. Rìlwánù awakọ̀ bu díẹ̀ bọ̀ fún mi, mo dà á sí i. Bàbá rẹ ní láti ọjọ́ tí ìjọba ti ń sọ pé ọ̀dà yẹn yóò wúlò, àwa la kọ́kọ́ rí i lò.

Mo ti bẹ Hàlímọ̀, mo sì ti fún adìẹ rẹ̀ ní àgbàdo.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Òṣùpá tuntun yìí dára, ṣùgbọ́n òkò tèmi ló wà lójú rẹ̀. N kò fẹ́ kí o dúró níwájú olùkọ́ kí o máa parọ́ nítorí mi. Mo ti mọ òmíràn tí kò ní ihò kankan, ó ṣì rọ̀, inú ọ̀rá ni mo fi í sí. Ṣé èyí tí mo ti sọ lókò ni kí n fi rán Rìlwánù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àbí èyí tó rọ̀, kí o lè sọ ọ́ lókò fúnra rẹ? Òṣùpá òkè kò ní òjò, tìrẹ ló ṣe kòńgẹ́ ìyá tó pa àpá rẹ̀ rẹ́.

Bí anti rẹ bá rówó, kí wọ́n bá wa ra ọṣẹ tó lágbára, ọ̀dà kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òkò ayé bà ọ́, bí ó bá sì bà ọ́, kí ó má dápàá.

Jọ̀wọ́, tètè fèsì kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìyá rẹ,
Sàádátù