Kẹ́ẹ̀gì Dúdú Bàbá Rẹ

Ilé tó kángun sí èbúté,
Ọjọ́ Ẹtì, ìparí oṣù.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, àna mi tí mi ò lè dọ̀bálẹ̀ fún,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí, ṣé ó ti fúyẹ́? Àbúrò rẹ tí í ṣe ìyàwó mi ń kí ọ. Ara rẹ̀ le, oyún náà ti wọ oṣù rẹ̀, ó kù ká gbóhùn ìyá ká gbóhùn ọmọ. Èmi nìkan lọ́kàn mi ò balẹ̀, bàbá rẹ ló sì fà á.

O mọ̀ pé ojú òkun nìkan la lè gbà dé ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì, ìrọbí kì í sì í béèrè bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Tó bá bọ́ sí òru, nínú òkùnkùn ni màá ta ìgbòkun gbé e lọ. Ibi tí mo máa gbà kọjá gan-an ni bàbá wa dẹ àwọ̀n sí. Kí ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀? Kẹ́ẹ̀gì dúdú. Kẹ́ẹ̀gì dúdú lórí omi dúdú, lóru! Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n gbé iná lé e, wọ́n ní iná ló ń pe olè wá kó ẹja. Mo ní kí wọ́n sún un kúrò níbẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ lẹja wà.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ohun tí mo ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Mo ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ lóru. Má sọ pé mi ò ṣọ́ra o. Ojú ibú ni mo gbà, jìnnà síbi táwọn apẹja ń dẹ àwọ̀n, mo sì fi ọmọkùnrin tá a jọ ń wa ọkọ̀ síwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ èbúté wa, dandan ni kó sún mọ́ etí òkun. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ìgbòkun kún, ẹ́ńjìnnì ń ràn án lọ́wọ́, ọkọ̀ ṣàdédé dúró. Mo ti mọ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì kíá kó má baà wé okùn mọ́ra, a sọ ìgbòkun kalẹ̀. Àwọ̀n ti dì mọ́ ìtọ́kọ̀ pinpin, ìgbì ń lù wá lẹ́yìn, ó ń ti àtàwa àtàwọ̀n lọ síbi àpáta. Ọ̀bẹ ni mo fi gé e. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ilẹ̀ mọ́, bàbá rẹ ká mi mọ́lé. Wọn ò tiẹ̀ béèrè bóyá nǹkan kan ṣe mí, àwọ̀n ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga mi, wọ́n ní, "Àwòdì tí ò rí kẹ́ẹ̀gì." Orúkọ tí ìwọ fún mi ní kékeré torí pé ojú mi mú ni wọ́n fi ń fi mí ṣẹ̀sín! Mo pa á mọ́ra. Àbúrò rẹ ló jáde láti yàrá, ó fọwọ́ tẹ̀yìn, ó ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ èmi ló wà nínú ọkọ̀ yẹn ńkọ́?"

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti tún àwọ̀n náà ṣe, fìtílà sì ti wà lórí kẹ́ẹ̀gì. Inú mi dùn, mo ní ọ̀rọ̀ ti tán. Àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, olè dé lóòótọ́. Kò fọwọ́ kan ẹja o, fìtílà ló jí lọ! Bàbá wá ń yan kiri èbúté bí ẹni tó jẹ oyè, "ṣebí mo sọ, ṣebí mo sọ."

Mo rò pé a ó kúkú padà sórí kẹ́ẹ̀gì dúdú. Ì bá sàn. Kàkà kéwé àgbọn rọ̀, koko ló ń le. Láti ìjẹta, bàbá rẹ fúnra wọn ló ń jókòó sínú ọkọ̀ kékeré wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ní ọjọ́ orí wọn! Nínú òtútù yẹn! Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò sí olè tó lè jí àwọn. Ìyàwó mi sunkún, wọ́n ní kó lọ sinmi. Ó ti sú mi.

Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀. Jọ̀ọ́, tètè wá mú bàbá rẹ wọlé. Lálẹ́ àná tí mo ń bọ̀, mo rí iná tọ́ọ̀ṣì náà lókèèrè, mo gbóhùn wọn tó ti há: "Àwòdì, yà sápá òsì! Ṣé ọmọ mi wà níbẹ̀?"

Mo ní rárá, ẹrù ni. Wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn ṣì ń dúró de ọmọ àwọn.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ tí bàbá rẹ ò jẹ́ kó sùn,
Àwòdì.