Ilẹ̀ Tí Bàbá Sùn Lé

Ajé, 24 Òkúdu 2024
Wọ́n rí Bàbá. Nínú igbó àgbọn lẹ́yìn Ajido. Egungun, àti ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí mo rà fún un. Iyè rẹ̀ ti ra kó tó sọnù, kì í rántí nǹkan mọ́. Inú Èrèlé ló jáde nílé wa ní Aradagun, kò padà.

Ìṣẹ́gun, 25 Òkúdu
Múyìwá, ẹ̀gbọ́n mi — Ọ̀gá-Mo-Ti-Wí ni mo ń pè é níbí — sọ pé ọ̀sẹ̀ tí Bàbá jáde náà ni Bàbá kú. Òun ló ní ká dáwọ́ wíwá dúró nínú Ẹrẹ́nà. Gbogbo wa gbà. A ṣe ìsìn ìrántí.

Ọjọ́bọ̀, 27 Òkúdu
Ọlọ́pàá mú obìnrin kan wá láti yunifásítì, Dókítà Zulaikha. Ó bu yẹ̀pẹ̀ abẹ́ Bàbá sínú ọ̀rá, ó tún bu ti ibòmíì. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó rọra sọ ọ́: omi ara òkú máa ń wọlẹ̀, á yí yẹ̀pẹ̀ padà. Lákọ̀ọ́kọ́ á le débi pé koríko á kú. Tó bá pẹ́, á dà bí ajílẹ̀, koríko á tún hù. Ibi tí ìyípadà náà bá dé ni wọ́n fi ń mọ ìgbà téèyàn kú. "Àfojúbù ni o, Àǹtí. Òjò náà ń ṣàn án lọ."
Koríko ibẹ̀ ṣì gbẹ. Ó ya ìrísí — mi ò lè kọ ọ́.

Àìkú, 30 Òkúdu
Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹtì, 19 Agẹmọ
Èsì dé. Zulaikha fúnra rẹ̀ ló pè. Ìparí Igbe, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀bìbì. Kò jọ Èrèlé rárá. Mo ní kó tún un sọ.
Mo sọ fún Múyìwá. Ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. "Ta ló ń fún un lóúnjẹ?" Ó ń bi mí ṣáá.

Àbámẹ́ta, 20 Agẹmọ
A gbé fọ́tò Bàbá lọ sí Ajido, ilé dé ilé. Obìnrin Ègùn kan tó ń yan ẹja, Ìyá Sagbo, wò ó, ó pariwo: "Bàbá mi nìyí!" Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni Bàbá ń jókòó sí. Ó ń fún un ní gàrí àti ẹja; abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí ló ń sùn. Ó bi í títí níbi tílé rẹ̀ wà, kò mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ló ń wí — ọmọ òun obìnrin ń bọ̀ wá mú òun lọ sílé.
Mo bi í pé nígbà tí kò wá rí i mọ́ ńkọ́.
Ó wojú mi. "Inú mi dùn," ó ní. "Mo rò pé ẹ ti wá mú un ni."